Pọ̀sí àti Iyán Átọ́ọ̀mù

Ọlámipọ̀sí Ògúnyẹmí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí ẹ̀rín bá ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e mọ́, a sì jókòó sílẹ̀ níbi tó bá wà. Nítorí ẹ̀rín ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà tí àwọn òbí rẹ̀ ń lọ ní Ọ̀wọ̀. Bàbá tó ń tẹ dùùrù ló sín láàárín orin, tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fò jáde, tó sì tẹ nóòtì kan fúnra rẹ̀. Wọ́n ka Bíbélì ọjọ́ náà tán, wọ́n wàásù dé ìdajì, Pọ̀sí ṣì wà nílẹ̀ láàárín àga, tó ń fi aṣọ akọrin bo ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Ògúnyẹmí, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti pinnu láti ọjọ́ pípẹ́ pé dókítà oníṣègùn ni Pọ̀sí yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yunifásítì kan ní Ọ̀wọ̀ gbà á wọlé, físíìsì ni wọ́n fún un. Pọ̀sí sunkún lọ́jọ́ tí ó rí i. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ máa bá a ṣe ná, pé ẹni tí kò rí ẹran jẹ yóò fi pọ̀nmọ́ panu.

Ẹni tó sọ pọ̀nmọ́ náà di ẹran gidi ni Dókítà Ignatius Ọbayẹmí. Olùkọ́ jẹ́jẹ́ kan ni, tí ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì fi máa ń sùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọlé tọ̀ wọ́n, ó ní òfìfo ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a ń fojú rí, pé àga tí wọ́n jókòó lé, òfìfo ni. Ilá inú ọbẹ̀, òfìfo ni. Ikùn ọ̀gá àgbà yunifásítì pàápàá, bí ó ti tóbi tó yẹn, òfìfo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rín gbé Pọ̀sí ṣubú. Dókítà ní kó jáde. Nígbà tí kíláàsì tú, ó padà wá, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Sà, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ikùn yẹn?"

"Òótọ́ ni," ni Dókítà wí. "Wá lọ́la, n ó fi ìṣirò rẹ̀ hàn ọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ó tó wọ ọdún kẹta, ìmọ̀ átọ́ọ̀mù ti gbà á lọ́kàn bí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́. Yóò máa rìn lọ sí kàǹtíìnì, yóò rántí nǹkan kan tí ó kà, yóò dédé bú sẹ́rìn-ín. Ibtisam, ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó tí àwọn òbí rẹ̀ ń tajà ní Ọ̀wọ̀, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ibtisam kì í ṣe ọmọ físíìsì, ìṣirò owó ló ń kọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nípa átọ́ọ̀mù lórí ibùsùn ju bí àwọn mìíràn ti gbọ́ ọ ní kíláàsì lọ.

Ìyá bàbá Pọ̀sí ń gbé ní Ìmọ̀rù, àgbẹ̀ oníṣu ni. Màmá Ìmọ̀rù ni gbogbo ilé ń pè é. Láti kékeré ni Pọ̀sí ti máa ń lọ lo họlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń fún un ni kó máa ṣẹ́ èéhù kúrò lára iṣu tí wọ́n so mọ́ igi nínú ọgbà iṣu. Lónìí ó ṣẹ́ ẹ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti tún yọ. Iṣu tó bá ń hù, ara ara rẹ̀ ló ń jẹ. Á rọ, á hunjọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Kí òjò ọdún tó dé dáadáa, Màmá yóò ti kó ọ̀pọ̀ iṣu dànù fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Ọbayẹmí sọ ní kíláàsì pé ìtànṣán kan wà tí ojú kò lè rí. Bí a bá tàn án sára iṣu níwọ̀n, iṣu náà yóò gbàgbé pé òun fẹ́ hù. Ó ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Pọ̀sí kò lè jókòó mọ́. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmọ̀rù lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

"Màmá, ẹ fún mi ní iṣu. Mo fẹ́ gbé wọn lọ sí Àbújá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tọ́jú wọn."

Màmá Ìmọ̀rù wo iṣu rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀. "Èwo ló ń ṣàìsàn nínú wọn?"

Pọ̀sí jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà iṣu. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ṣàlàyé. Màmá gbọ́ ọ yé, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Iṣu tí kò bá hù mọ́, kí ni n ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Èyí tí a ó jẹ nìkan la ó gbé lọ, Màmá. A ò ní fọwọ́ kan èébù yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó wọn."

Dókítà ń lọ ṣèpàdé ní Àbújá nínú oṣù kìn-ín-ní. Pọ̀sí kó iṣu kún bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí báàgì Dókítà fi wà lórí itan rẹ̀ títí dé ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí ó padà, wọ́n to iṣu náà sí igun láàbù, wọ́n sì to àwọn mìíràn tí ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, èéhù àwọn iṣu lásán ti nà bí ejò, ọ̀kan ti gun ojú fèrèsé. Àwọn tó lọ sí Àbújá wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ní gbogbo àárọ̀ ni Pọ̀sí máa ń yọjú kí wọn.

Inú oṣù kẹfà yẹn náà ni ìròyìn dé láti ilé-iṣẹ́ Àbújá. Wọ́n fẹ́ gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì káàkiri, kí wọ́n wá lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n fojú rí iṣẹ́ núkílíà, bóyá àwọn kan yóò fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì wá. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ bá pọ̀ tó láti kún bọ́ọ̀sì, àwọn yóò gbé bọ́ọ̀sì wá kó wọn. Bí wọn kò bá kún un, kí wọ́n dúró sílé.

Dókítà lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri, ó gba yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá, ó wọ táì. Lọ́jọ́ ìpàdé, Pọ̀sí jókòó síwájú. Ibtisam wà níbẹ̀ nítorí pé Pọ̀sí fà á lọ́wọ́ wá. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí Dókítà ti sọ pé "núkílíà", ó dìde, ó ní kí wọ́n má bínú, òun rò pé ìpàdé àwọn ọmọ Ìfọ́n ni.

Dókítà bọ́ táì rẹ̀, ó ká a sápò. "Ó dà bíi pé a ó dúró sílé," ni ó wí.

"Sà," ni Pọ̀sí wí, "ẹ fi bọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti yàrá dé yàrá nínú họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ lẹ́nu wọn kò yàtọ̀ síra. Àwọn kan ní àwọn kò wá sí yunifásítì láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù. Àwọn kan ní ta ni yóò gbà wọ́n síṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ọmọbìnrin ní àwọn ṣì fẹ́ bímọ. Ó bá Kingsley pàdé lójú ọ̀nà, ọmọ Ìfọ́n tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tí irun orí rẹ̀ ga tó burẹ́dì, tí ó sì máa ń gbé dígí kékeré sápò nítorí rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé irun máa ń re," ni Kingsley wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i nínú fíìmù. Pọ̀sí, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn irun mi jù ọ́ lọ."

Pọ̀sí rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé láti dá a lóhùn. Nígbà tí ó fi máa dìde nílẹ̀, Kingsley ti lọ.

Ibtisam ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ yìí, mo ti ń bá yín gbé láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí kò bá sí iyán níbẹ̀. Inú oṣù kẹfà la wà. Iṣu tuntun kò tíì dé, iṣu ọdún tó kọjá ti rọ. Iyán kàǹtíìnì, bí a bá jù ú mọ́ ògiri, yóò lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ìwọ sì ní iṣu tó dára nínú láàbù."

Pọ̀sí wò ó. Ó di mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè nínú yàrá títí ẹni tó wà nísàlẹ̀ wọn fi fi ìgbálẹ̀ gbá àjà.

Dókítà kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò gbà, bí wọ́n bá sọ òtítọ́ nípa iṣu náà fún gbogbo ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó: IYÁN Ọ̀FẸ́ NÍ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA, PẸ̀LÚ Ọ̀RỌ̀ DÍẸ̀ LÓRÍ IṢẸ́ NÚKÍLÍÀ. Àwọn ọmọ kò ka ìlà kejì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ya wá lẹ́yìn láàbù bí ẹni pé wọ́n ń pín ilẹ̀. Ẹ̀gúsí Ibtisam ń hó lórí gáàsì, ẹran ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Kingsley ti gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gún un, nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rí apá òun.

Kí wọ́n tó bu iyán, Pọ̀sí gun orí àga. Ó gbé iṣu tó hù sókè lọ́wọ́ òsì, ó gbé èyí tó ń dán sókè lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Iṣu ìyá àgbà mi ní Ìmọ̀rù ni méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wà wọ́n. A tan ìtànṣán sí èyí ní Àbújá kó má baà hù. Ìtànṣán náà wọ inú rẹ̀, ó sì kọjá lọ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú fèrèsé kọjá. Kò sí nǹkan kan tó kù sínú rẹ̀. Òun la fi gún iyán yìí. Ẹni tó bá fẹ́, kó jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, a ò ní bínú."

Àwọn kan sún sẹ́yìn. Òórùn ẹ̀gúsí ń lọ láàárín wọn. Kingsley na abọ́ rẹ̀ síwájú.

"Ẹnu mi ni yóò jẹ ẹ́," ni ó wí, "kì í ṣe irun mi."

Bí wọ́n ti rí i tó gbé òkèlè kejì mì láìṣubú, gbogbo wọn dà bo odó. Iyán náà fà, ó funfun, kò ní kókó. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún Màmá Ìmọ̀rù, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo kò sí.

Pọ̀sí jókòó ti odó. Ibtisam sọ nǹkan apanilẹ́rìn-ín kan fún un, ẹ̀rín kò wá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Ibtisam lẹ́rù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù. Ó ń fọ abọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ibtisam sáré wọ yàrá.

"Pọ̀sí, dìde. Kingsley ti dùbúlẹ̀ síwájú họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn ọkùnrin, ó di inú mú. Wọ́n ní átọ́ọ̀mù ti mú un. Ó ti wà lórí Wáàsáàpù. Wọ́n tilẹ̀ gbé e wọ yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, wọ́n pa fèrèsé dé, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń tàn."

"Ṣé ó tàn?"

"Kò tàn. Wọ́n ní bóyá ó kàn ń fi í pamọ́ ni."

Pọ̀sí kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ sí ilé Dókítà Ọbayẹmí, tó wà nítòsí, ó bá a níbi tó ti ń fọ ọkọ̀. Àwọn méjèèjì yà sí láàbù, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán. Bí ìtànṣán bá kàn án, ẹ̀rọ náà máa ń dún pé kẹ́. Dókítà kò ráyè wọ bàtà, sílípáàsì ló wọ̀ dé họ́sítẹ̀ẹ̀lì.

Èrò ti pé. Kingsley wà lórí àtẹ̀gùn òkúta, ó fi ọwọ́ kan di inú mú, ó fi èkejì di irun mú. Pọ̀sí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

"Kí lo jẹ lẹ́yìn iyán àná?"

"Iyán."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Iyán Ibtisam tó ṣẹ́kù."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Kingsley ronú. "Ẹ̀wà. Mo wá mu gààrí. Mo sì fi mílíìkì sí i, èyí tí a ti ṣí láti ọjọ́ Ẹtì."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n ṣì wọ̀n ọ́n wò. Pọ̀sí tan ẹ̀rọ náà. Kẹ́. Kẹ́, kẹ́. Gbogbo wọn sá, ọ̀kan fi bàtà sílẹ̀.

"Ẹ padà," ni Pọ̀sí wí. "N kò tíì gbé e súnmọ́ ọn. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn níbi gbogbo. Ìtànṣán díẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára wa. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa."

Ó gbé ẹ̀rọ sórí ikùn Kingsley. Kẹ́. Kẹ́, kẹ́. Kò yàtọ̀. Ó gbé e sórí irun rẹ̀, nítorí ó bẹ̀ ẹ́. Kò yàtọ̀. Ó wá gbé e sórí àtẹ̀gùn òkúta tí Kingsley sùn lé, ó sì ń dún lemọ́lemọ́, kẹ́kẹ́, kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́.

"Àtẹ̀gùn yìí wá léwu ju Kingsley lọ nìyẹn," ni ọmọbìnrin kan wí.

"Kò séwu nínú méjèèjì," ni Pọ̀sí dáhùn, "àfi bí Kingsley bá tún mu mílíìkì yẹn."

Ìgbà yẹn ni nǹkan yí padà. Ọmọbìnrin náà na apá rẹ̀. "Wọ̀n èmi náà." Ẹnìkan ní kó wọ̀n fóònù òun. Wọ́n wọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ̀n ìkòkò, wọ́n wọ̀n Bíbélì. Ọmọbìnrin mìíràn fa ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n gbé e sí i láyà, kí òun mọ̀ bóyá nǹkan kan wà nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ń gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wá òkúta kiri inú ọgbà, ẹni tí òkúta tirẹ̀ bá dún jù a máa jó. Dókítà Ọbayẹmí dúró láàárín wọn nínú sílípáàsì, ó ń dáhùn ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì, ohùn rẹ̀ sì ti ga tó ti ẹni tó ń polówó ọjà.

Àárín ìyẹn ni ọ̀kadà kan dúró. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Ògúnyẹmí sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ìsìn. Ẹnìkan ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní iyán bọ́ǹbù jẹ, pé ọ̀kan ti fẹ́ kú. Èrò là fún un. Pọ̀sí kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Dádì."

Bàbá rẹ̀ kọjú sí Dókítà. "Dókítà, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Mo fa ọmọ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ kọ́ ọ níwèé. Ìwé wo lẹ ń kọ́ ọ? Ohun tí kò ṣe é fojú rí ló ń bá ṣeré. Ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ ẹ? Ọmọ wo ni yóò bí?"

Bó ti ń sọ ọ́, ó ń ju ọwọ́. Ẹ̀rọ náà wà lórí àga tó wà níwájú rẹ̀. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà han bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ padà sí kẹ́, kẹ́. Ó rọra na ọwọ́ padà. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún kúrò.

"Kí ló ń ṣe mí?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

"Aago yín ni, Dádì," ni Pọ̀sí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ."

Aago àtijọ́ ni, tí bàbá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tàn nínú òkùnkùn, ó sì máa ń fi yangàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Dókítà ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ọ̀dà tó ní ìtànṣán ni wọ́n fi ń kun irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láé, kó sì wá nǹkan fi í sí, nítorí pé eruku inú rẹ̀ ló léwu.

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín, sà?" ni Dókítà bi í.

"Láti kí n tó gbéyàwó."

Kingsley gbé orí sókè lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Márùn-ún," ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí wí.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo aago. Ó wo Pọ̀sí, tí ó ti di ètè mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní èjìká Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí. Ó fẹ́ jókòó sórí àga, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ìsìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ibi tí Pọ̀sí ti jogún ẹ̀rín wá hàn sí gbogbo yunifásítì lọ́jọ́ yẹn. Òun náà jókòó tì í. Èrò kò dúró mọ́, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn.

Nígbà tó rọlẹ̀, Pọ̀sí nu ojú. Kò gun orí àga, kò gbé ohùn sókè.

"N kò fẹ́ kí ẹ rò pé eré lásán ni o. Èyí tó bá pọ̀ lè pa ènìyàn. Ó dà bí iyọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ọbẹ̀ láìsí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń fi abọ́ bu iyọ̀ jẹ. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ wà tó ń fi í jó jẹjẹrẹ nínú ara aláìsàn láìpa aláìsàn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n náà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ti iṣu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń darúgbó. Ìdí tí wọ́n fi ń wá wa nìyẹn."

Kingsley dìde jókòó. "Kọ orúkọ mi."

"Irun rẹ ńkọ́?"

"O ti wọ̀n ọ́n. Ó dá ṣáṣá. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àtẹ̀gùn yìí."

Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ na apá tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ìwé ìkọ̀wé kò tó mọ́, wọ́n ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ìwé ìsìn Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí. Ibtisam fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i, ó ní ilé-iṣẹ́ núkílíà pàápàá nílò ẹni tí yóò máa bá wọn ṣírò owó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dókítà ti pe Àbújá.

"Bọ́ọ̀sì yín kéré," ni ó wí fún wọn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó lọ. Ó ní, "Iṣu yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù?" Ẹyọ kan ṣẹ́kù. Wọ́n gún un fún un. Fìlà Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí kì í kúrò lórí rẹ̀ àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lásìkò ọdún Igogo, tí gbogbo ọkùnrin Ọ̀wọ̀ kì í dé fìlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, ó ṣí i.

Bọ́ọ̀sì méjì ló dé ní oṣù kẹjọ. Wọ́n gba Ọ̀bà Àkókó, wọ́n gba Ìkàrẹ́, tí ìyá Ibtisam, tó lọ kí àwọn ará ilé wọn, ti dúró de wọn lójú títì pẹ̀lú àkàrà, wọ́n kọrin dé Lọ́kọ́jà. Ní ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n rí irúgbìn tí wọ́n fi ìtànṣán sọ di oríṣi tuntun, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ara wọn. Wọ́n tún mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan láti wo ẹ̀rọ tó ń wo jẹjẹrẹ. Kingsley kò ṣàwàdà níbẹ̀. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó sọ fún Pọ̀sí pé àìsàn yẹn ló pa àǹtí òun, pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ìfọ́n nígbà náà. Ó ń kàwé lórí rẹ̀ báyìí, òun ni yóò máa ṣírò ìwọ̀n fún àwọn dókítà. Orí rẹ̀ ti ń pá díẹ̀díẹ̀ níwájú. Pọ̀sí ní ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, Kingsley ní kí wọ́n ṣì wọ̀n òun wò.

Pọ̀sí náà ń kàwé sí i, iṣu ló gbájú mọ́. Ó máa ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní àwọn yunifásítì agbègbè wa, ẹ̀rọ kékeré lápò, òkúta lápò kejì. Kì í mú ìwé dání. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn ó ń jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ a sì máa tẹ̀lé e jáde bí ẹni tẹ̀lé alásun tó ń sun ẹran.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, ó kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Ìmọ̀rù kí wọ́n lọ ṣa iṣu. Màmá Ìmọ̀rù ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ-ọmọ òun ti di dókítà iṣu. Nígbà tí ọkọ̀ wọn máa fi dé, àwọn àgbẹ̀ ti tò síwájú ilé, iṣu tó ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èyí tí kòkòrò jẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oníkálùkù sì ń ṣàlàyé ibi tó ń dun iṣu tirẹ̀. Pọ̀sí ṣí aṣọ lápá, ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ máa bọ̀. Ó ti wo iṣu púpọ̀ kí ó tó gbójú sókè tó rí bàbá arúgbó kan lẹ́yìn pátápátá, tó fa ewúrẹ́ kan dání, tó ní láti àná ni kò ti fẹ́ jẹun.